Jíìpù Tí Kò Mu Epo Mọ́

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. N kò bu iyọ̀ sí i. Ọkùnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, ó ṣì ń gé gíláàsì, bí ẹ bá sì bi í léèrè, kò ní jiyàn. Kò kàn ní wo ojú yín ni.

Onígíláàsì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Wíńdò ilé, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, dígí ilé ìwẹ̀, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Bí ó bá ti fi ọ̀bẹ rẹ̀ fa ìlà lórí gíláàsì, ńṣe ló máa ń dẹtí. Bí ìlà náà bá ké bó ṣe yẹ, gíláàsì á ya síbi tó fẹ́. Bí kò bá ké bó ṣe yẹ, kò ní dábàá pé òun fẹ́ ṣẹ́ ẹ. Ẹni tí etí rẹ̀ mú tó báyìí, ó yẹ kó ti tètè gbọ́ ohun tí jíìpù rẹ̀ ń sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń ṣe ni láǹfààní, etí ẹni máa ń di sí i.

Jíìpù náà ga, ó fẹ̀, ó dúdú. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á gbẹ́sẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ gun àkàbà. Àlòkù ni. Ọkùnrin tó tà á fún un búra pé kì í mu epo rárá. Ó ní bó ṣe tóbi tó yìí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, ló ń ràn án lọ́wọ́. Ó ṣí ìwé ọkọ̀ náà, ó fi ìka tọ́ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé epo díẹ̀ á gbé e rìn jìnnà. Onígíláàsì gbà á gbọ́.

Kò pẹ́ tó fi rí i pé ìwé lọ́tọ̀, ọ̀nà lọ́tọ̀. Nínú ìgboro, níbi tó ti ń dúró, tó tún ń gbéra, pẹ̀lú gíláàsì lẹ́yìn, ńṣe ni jíìpù náà ń fa epo bí ẹni tó ti aṣálẹ̀ bọ̀. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ó ní ẹ́ńjìnnì kékeré nínú ọkọ̀ ńlá dà bí ọkùnrin kúkúrú tí wọ́n gbé ẹrù òmìrán rù. Bí a bá rọra tẹ̀ ẹ́, oúnjẹ ọmọdé ló máa jẹ. Bí a bá fipá tẹ̀ ẹ́, tí tọ́bò jí, oúnjẹ gbogbo ilé ló máa jẹ, á sì tún máa wo ìdí ìkòkò. Àwọn tó kọ ìwé náà, ó ní, wọn ò gbé gíláàsì gun òkè rí.

Láti ọjọ́ náà ni Onígíláàsì ti ń wa jíìpù bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tó ń wí fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ó tú irin orí ọkọ̀ kúrò. Ó kó gbogbo ẹrù tí kò wúlò jáde nínú búùtù. Ó ń fẹ́ táyà le dáadáa, ó sì pa ẹ̀rọ amúlétutù, bí oòrùn ṣe wù kó mú tó. Ìyàwó rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní lọ́jọ́ kan bàbá arúgbó kan lórí kẹ̀kẹ́ kọjá lára àwọn, ó sì yíjú padà, ó kí àwọn kú ìrìn. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, epo ń lọ.

Àfi lọ́jọ́ kan tí kò lọ mọ́.

Òun àti Gíga ni wọ́n jọ jáde lọ́jọ́ náà. Gíga ni ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Orúkọ náà bá a mu, ó máa ń tẹ orí ba kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Wọ́n lọ gbé wíńdò sí ilé ìwé kan tó wà ní ẹ̀yìn ìlú, ọ̀nà ibẹ̀ jìn, ó sì kún fún òkè. Nígbà tí wọ́n padà dé, Onígíláàsì wo abẹ́rẹ́ epo. Ibi tó wà láàárọ̀, nígbà tó kún táǹkì, ló ṣì wà. Ó fi èékánná kàn án. Kò mì.

Ó rò pé abẹ́rẹ́ ló bàjẹ́. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrìn mìíràn, ó yà sí ilé epo, ó ní kí wọ́n kún un. Obìnrin tó ń ta epo ki irin bọ táǹkì. Epo yọ padà lójú ẹsẹ̀, ó dà sí i lọ́wọ́.

"Ó kún o," ni obìnrin náà wí, ó sì wò ó bí ẹni tó fẹ́ fi òun ṣe ẹlẹ́yà.

Inú Onígíláàsì dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi kọrin délé. Ó ní ọkọ̀ ti gbọ́ èdè òun, sùúrù ti sanwó. Ó rò ó fún mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ọkọ̀ lè dín oúnjẹ kù, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí èyí tó gbààwẹ̀.

Ohun kan wà tí Onígíláàsì kíyè sí, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tọ́bò kò hó mọ́. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ń gun òkè, á máa súfèé wẹ́rẹ́ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Súfèé náà ti kú. Ohun tó ń gbọ́ dípò rẹ̀ rọ̀, ó sì jìnnà. Pẹ́. Pẹ́. Pẹ́. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ líle. Bó bá sì tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á dúró, ohùn náà á tún gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ sí i, kó tó dákẹ́.

Ó ní táyà ni.

Kò pẹ́ tí Gíga fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ó ní ẹsẹ̀ ń ro òun. Ó ní bí òun bá dé ilé, ńṣe ni òun máa ń ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná bí ìyá arúgbó. Ọ̀gá rẹ̀ bi í pé iṣẹ́ wo ló ṣe, ṣebí ìjókòó ló jókòó. Gíga bọ́ bàtà rẹ̀, ó yí i padà. Bàtà náà kò tíì pẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán, a lè fi ojú ihò rẹ̀ wo ìta.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbéra, Gíga dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò wọ ọkọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ máa lọ. Èmi á fẹsẹ̀ bọ̀."

"Ibi tó jìn tó yẹn?"

"Bí mo bá fẹsẹ̀ rìn, mo lè dúró sinmi nígbà tó bá wù mí."

Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀rín náà. Láti ọjọ́ yẹn, kò gun jíìpù mọ́. Onígíláàsì ń dá lọ, ó ń dá bọ̀. Tọ́bò tún bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Epo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, bí ìgbà àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́. Ẹlòmíràn ìbá ti so ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Òun náà so ó pọ̀ díẹ̀, ó sì tú u ká kíákíá.

Lásìkò yìí ni ìyàwó rẹ̀ lóyún.

Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pariwo. Oyún ti dúró lára rẹ̀ rí, ó ti wálẹ̀, òmíràn ti dúró, òun náà ti wálẹ̀. Yàrá kan wà nínú ilé wọn tí wọ́n kun ní ọ̀dà ofeefee, tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ kí èyí dúró, obìnrin náà kò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù, kò gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn, kò gbọ́dọ̀ rìn ju láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìwẹ̀ lọ. Kó sinmi. Kó jókòó. Kó dùbúlẹ̀. Ìdajì ìtọ́jú rẹ̀ wà nínú kó má ṣe rìn.

Onígíláàsì ní kò burú, jíìpù wà. Láràárọ̀ ló ń gbé ìyàwó rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ náà bí ọmọ ọwọ́, á gbé e lọ sílé ìyá rẹ̀ kó lè rí ẹni tọ́jú rẹ̀ bí òun bá wà níbi iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, á tún lọ gbé e. Ó ra ìrọ̀rí fún ẹ̀yìn rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jọ lọ náà ni abẹ́rẹ́ epo ti dúró. Kò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Onígíláàsì rí i, ó sì dúpẹ́. Ó ní ọmọ náà ti mú ire wá.

Ìyàwó kò ráhùn. Irú obìnrin tó máa ń kó ìrora pamọ́ sínú àwàdà ni. Ó kàn máa ń sùn lọ kí ó tó jẹun tán. Bí ó bá sì sùn, á máa mí gùlegùle.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì àgbà kan ló gbà wọ́n. Ó tẹ ikùn, ó gbọ́ ọkàn ọmọ, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló bọ́ bàtà obìnrin náà kó lè wò ó bóyá ẹsẹ̀ ń wú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó gbé èkejì.

"Ìyàwó, ṣé dókítà ò sọ fún yín pé kí ẹ má rìn ni?"

"Sísítà, mi ò rìn."

"Ẹ má parọ́ fún mi."

"Ọlọ́run ń gbọ́, mi ò rìn. Ẹ bi ọkọ mi."

Nọ́ọ̀sì kò bi ọkọ. Ó ní kí ọkọ sún mọ́ ọn kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Àtẹ́lẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ti yi bí awọ. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti là. Erùpẹ̀ wà láàárín ọmọ ìka rẹ̀, erùpẹ̀ pupa lẹ́búlẹ́bú, irú èyí tí kò sí lágbàlá wọn, tí kò sí lágbàlá ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì rọra sọ̀rọ̀ wàyí. Ó ní oyún náà ti fẹ́ wálẹ̀. Ó ní bí obìnrin yìí bá ń bá ìrìn yìí lọ, kí wọ́n má retí ọmọ kankan.

Onígíláàsì gbé ìyàwó rẹ̀ jáde. Kó tó gbé e sínú ọkọ̀, ó gbé e jókòó sórí àga kan lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ilẹ̀ ọkọ̀. Kò wo ibẹ̀ rí. Níbi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń gbé ẹsẹ̀ sí, ẹní ilẹ̀ ọkọ̀ ti jẹ, ó ti fẹ́lẹ́, ó ti ya ihò méjì ní ìrísí àtẹ́lẹsẹ̀. Ó wo iwájú, níbi tí Gíga ti ń jókòó tẹ́lẹ̀. Ihò méjì ló wà níbẹ̀ náà, wọ́n tóbi ju ti ẹ̀yìn lọ. Ó wo ibi tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sí. Ẹní ibẹ̀ ṣì ń dán bí ọjọ́ tó ra ọkọ̀.

Ó pa ilẹ̀kùn náà dé, ó sì lọ wá takisí.

Láti ọjọ́ yẹn, ìyàwó rẹ̀ kò wọ jíìpù mọ́. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó ní ẹ́ńjìnnì ń ṣe ségesège. Takisí ló ń gbé e. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ikùn rẹ̀ ń ga. Ó tún ń fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ṣí yàrá ọlọ́dà ofeefee, wọ́n nu wíńdò rẹ̀. Onígíláàsì ń dá wa jíìpù, ọkọ̀ ń mu epo bí ẹja ṣe ń mu omi, òun sì ń ra epo fún un láìráhùn. Bí ó bá ti gbọ́ tí tọ́bò súfèé, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí oṣù rẹ̀ pé ni òjò ńlá kan rọ̀. Láti òwúrọ̀ ló ti ń rọ̀, nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, títì ti di odò. Ìgbà náà ni ìrọbí mú obìnrin náà. Ó mú un lójijì, ó sì mú un gan-an. Onígíláàsì pe takisí. Wọ́n ní àwọn kò lè la omi yẹn kọjá. Ó pe ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ọkọ̀ àwọn náà ti há sọ́nà. Ó pe Gíga, ilé rẹ̀ kò jìnnà. Gíga sáré kiri nínú òjò, ó dé, omi ń kán lára rẹ̀, kò rí ọkọ̀ kankan mú wá.

Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Jíìpù wà lágbàlá níwájú wọn, ó ga ju omi lọ. Nínú ilé, obìnrin náà ké, lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì burú ju igbe lọ.

Gíga kò tíì bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè nǹkan rí nípa jíìpù náà. Kò bi í lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e síbi tí òjò kò dé.

"Tuntun ni," ó ní. "Kò ní jẹ èyí."

"Gíga, má wọ̀ ọ́."

"Ẹ gbé ìyàwó wá, Ọ̀gá. Ẹsẹ̀ tèmi gùn. Ó lè tó o."

Wọ́n tẹ́ obìnrin náà sí ìjókòó ẹ̀yìn. Onígíláàsì to ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi aṣọ wé ẹsẹ̀ méjèèjì, ó rí i dájú pé kò kan ilẹ̀ ọkọ̀ níbì kankan. Gíga jókòó síwájú. Ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, bí ẹni tó ń dúró de ìpè.

Wọ́n gbéra.

Onígíláàsì kò rọra wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá. Ohun tó ti ń sá fún láti ọjọ́ tó ti ra jíìpù náà, òun ló ń wá báyìí. Ó fẹ́ kí tọ́bò jí. Ó fẹ́ kó pariwo, kó jẹ, kó yó. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára abẹ́rẹ́ epo. Abẹ́rẹ́ dúró gbọin. Ọkọ̀ ń la omi kọjá, ó ń sáré, kò sì dún.

"Mu ún," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Jọ̀ọ́. Mu epo. Ó kún, mu ún."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Gíga ti bẹ̀rẹ̀ sí í mí gùlegùle. Kò sọ̀rọ̀, òun tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè, ó fọwọ́ méjèèjì di orúnkún rẹ̀ mú, ó ń tì í sísàlẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì. Onígíláàsì bojú wẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ̀ ti sùn. Ojú rẹ̀ tutù, ó ń mí pẹ̀lẹ́.

Ilẹ̀ ti ṣú. Ó gbọ́ ohùn ẹsẹ̀ náà lábẹ́ òjò. Pẹ́. Pẹ́. Pẹ́. Ẹsẹ̀ ńlá, ẹsẹ̀ tó gùn, ẹsẹ̀ Gíga. Ó dẹtí sí i, bó ṣe máa ń dẹtí sí gíláàsì. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ńlá náà nìkan. Ẹsẹ̀ mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kéré, ó yá, ó ń sáré tẹ̀lé e, bí ẹsẹ̀ ẹni tí àgbà ń já sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ó ní òjò ni.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àgbà yẹn ló jáde pàdé wọn. Ó tú aṣọ tí wọ́n fi wé ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó sì wò ó lábẹ́ iná. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó rọ̀.

"Ẹ gbọ́ràn lọ́tẹ̀ yìí," ó ní, wọ́n sì tì í wọlé.

Gíga kò lè sọ̀kalẹ̀. Onígíláàsì ló gbé e jókòó sórí àga gígùn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Onígíláàsì kúnlẹ̀, ó fi omi nù ún fún un. Gíga ní kó má ṣèyọnu, kó ṣáà sọ ọmọ náà ní Gíga. Ìyẹn ni wọ́n ń sọ tí wọ́n fi gbọ́ igbe ọmọ. Ó ké kíkan, ó ké lákọlákọ. Onígíláàsì gbé orí lé orúnkún Gíga, ó sì sunkún.

Wọ́n dúró. Ẹnikẹ́ni kò jáde wá kí wọn kú ewu. Igbe ọmọ náà ti dáwọ́ dúró, omi sì ń dà nínú yàrá lọ́hùn-ún, ó ń dà, ó ń dà, bí ìgbà tí ẹnìkan ń fọ ohun tí kò mọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ náà dání. Ó ní ìyá wà láàyè, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ náà le koko, kò sí ohun tó ṣe é. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń kàwé. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìsàlẹ̀ aṣọ tí wọ́n fi wé e.

Àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà yi. Gìgísẹ̀ rẹ̀ kéékèèké ti là. Láàárín ọmọ ìka rẹ̀, níbi tí omi kò lè fọ̀, erùpẹ̀ pupa ṣì wà níbẹ̀.

"Níbo," nọ́ọ̀sì béèrè jẹ́jẹ́, "ni ọmọ yìí ti ń bọ̀?"

Onígíláàsì na ọwọ́, ó gba ọmọ rẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ méjèèjì mú nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Wọ́n gbóná. Ọmọ náà ti sùn, ó sùn fọnfọn, ojú rẹ̀ dì. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sùn. Ó ń gbé ọ̀tún, ó ń gbé òsì, ó ń gbé ọ̀tún, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ọ̀nà ṣì kù níwájú rẹ̀.